Èbúté Ara Ògiri

Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ìyá ti gun àga, tó ń fi àkísà nu àwòrán ara ògiri pálọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn, kó tó bọ́jú, kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Alágbàfọ̀ ni. Ọṣẹ ti jẹ gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń fọ aṣọ ẹlòmíì, ṣùgbọ́n tó bá kan àwòrán yìí, àkísà tó rọ̀ jù nínú ilé ló máa ń mú, á wá rọra máa fi pa á lójú bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ ọwọ́.

Àwòrán àtijọ́ ni. Ọ̀dà olóróro ni wọ́n fi yà á sórí aṣọ, ẹni tó yà á á sì ti kú tipẹ́. Èbúté àwọn apẹja kan ló wà níbẹ̀, létí òkun kan tó jìnnà réré. Oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀. Omi ibẹ̀ búlúù débi pé àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé á dákẹ́ ná kó tó kí wọn. Ilé funfun tò sórí òkè, wọ́n sá àwọ̀n sórí òkúta, àwọn ọkọ̀ ojú omi pupa àti aláwọ̀ ewé sún mọ́ ara wọn létí omi bí ẹran tó ń sinmi. Nínú ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa dúró, ó na ọwọ́ sókè.

"Ọkọ mi, ṣé o jí ire?" ni ìyá wí fún onífìlà pupa. "Àbúrò rẹ ń bọ̀ wá bá ọ. Òní ló ń gbéra."

Àkọ́bí rẹ̀ ló ń kí. Ọmọkùnrin náà gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, ó dé etí òkun, ó pe ilé lórí fóònù pé ọkọ̀ àwọn fẹ́ ṣí, kí màámi òun má sùn láìgbàdúrà. Ó parí síbẹ̀. Òjò rọ̀ títí ó dá, ẹ̀ẹ̀rùn wọlé ó jáde, òjò mìíràn ti tún ń ṣú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyá ní ó ti gúnlẹ̀. Ó ní fóònù rẹ̀ ló bọ́ sómi. Ó ní iṣẹ́ ọkọ̀ ni ọmọ òun ń ṣe níbẹ̀, kò tíì ráyè ni. Nínú ilé yìí àti ní gbogbo àdúgbò, ta ló fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kejì ti ẹnu òun jáde? Tẹ́lẹ̀, orúkọ àkọ́bí yìí ni wọ́n fi ń pe ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pèpàdé lé e lórí, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ ni àbígbẹ̀yìn. Ó tín-ín-rín, aránṣọ sì ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ṣẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tó fi mọ́ ọn lórí. Ní àárọ̀ yìí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí ẹ̀wù oníbàárà kan, torí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ò sí nílé mọ́. Amọ̀nà ti wá gbé e lánàá. Amọ̀nà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ gba aṣálẹ̀ kọjá. Nígbà tó rí i pé wọn ò lówó tí wọ́n máa san, ó ní kò burú, òun á gba ẹ̀rọ. Ìrọ̀lẹ́ òní ni ọkọ̀ rẹ̀ máa wá gbé ọmọbìnrin náà, kó lọ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ilẹ̀ wo lẹ tún ti rí i, tí òbí ti ń ta ohun tí ọmọ fi ń jẹun, kí ọmọ lè rójú ọ̀nà tó máa gbé e mì? Ẹ dá mi lóhùn tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n.

"Bàbá wọn," ni ìyá pè láti orí àga, "ẹ gbé ẹ̀mú yín wá. Ẹ bá mi yọ àwòrán yìí nínú férémù."

Bàbá ń mu tíì lọ́wọ́. Oníférémù ni, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọkùnrin: a máa gé igi, a máa fi gíláàsì sí fọ́tò ìgbéyàwó àti fọ́tò òkú. Ó gbé ife sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Abẹ́rẹ́ máa gbé e dání. Ẹ bá a ká a bí ẹní, kó lè wọ inú báàgì. Ibi tó ń lọ yìí, kò gbọ́ èdè wọn, wọn ò gbọ́ tiẹ̀. Tó bá ti sọ̀kalẹ̀, á tú u, á nà án sí wọn lójú, á ní ibí yìí lòun ń wá. Ará ibẹ̀ ò lè sọ pé òun ò mọ ìlú òun."

Ẹ má fi ìyá yìí rẹ́rìn-ín. Ibi kan ṣoṣo tó mọ̀ lókè òkun nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n láti orí òkúta kan dé òmíràn. Ilé tó ní fèrèsé mẹ́ta ni ó ní àkọ́bí òun ń gbé. Ó tiẹ̀ ti bínú rí pé wọn ò sá aṣọ kankan síta nílé náà.

"Kò ṣeé yọ," ni bàbá wí.

"Ta ló kàn án?"

"Èmi ni mo kàn án, èmi náà ni mo ń sọ pé kò ṣeé yọ. Aṣọ rẹ̀ ti gbó. Tá a bá fọwọ́ kàn án, á ya."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tẹ́ ẹ kàn tẹ́ ẹ ò lè tú?"

Bàbá dìde. Kò mu tíì tán. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nígbà tó sì yá, wọ́n ń gbọ́ ìró ìfági rẹ̀. Igi tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ ló ń fá.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ bá a níbẹ̀. Ó gbé ẹ̀wù oníbàárà dání, abẹ́rẹ́ àti òwú ṣì wà lára rẹ̀. Ó dúró sáàárín àwọn férémù tí kò tíì ní àwòrán, tí wọ́n gbé kọ́ yí ògiri ká.

"Bàámi, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan."

"Béèrè."

"Ṣé kí n lọ?"

Bàbá fẹ́ ẹ̀ẹ́rún igi dànù lórí ìfági. Ó tún fá igi náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru."

"Òwe nìyẹn, Bàámi. Mo bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ni."

Ó na ọwọ́ mú igi mìíràn. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí ìṣó, ó ń fi ọwọ́ pa etí ẹ̀wù tó ti ṣẹ́.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́," ló wí. "Ẹ̀yin náà mọ̀. Kódà, omi inú báàfù, tó bá ti pọ̀ jù, àyà mi á máa já. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Àmọ́ láràárọ̀ ni mò ń jí gbọ́ tí màámi ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Tí mi ò bá lọ, bí wọ́n ṣe máa bá ògiri sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi kú nìyẹn. Tí mo bá lọ, ó kéré tán, ẹnì kan á ti wá a. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bi yín. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ."

Ohun tí bàbá náà nílò láti sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ọmọ rẹ̀ ti gbé e fún un tán, ó kù kó lanu. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìfági.

"Bóo bá fẹ́ parí etí ẹ̀wù yẹn," ló wí, "jókòó sí ojú ìmọ́lẹ̀. Wàá fi abẹ́rẹ́ gún ara ẹ."

Abẹ́rẹ́ rọra dìde, ó lọ. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ̀ bá mọ ti oníférémù.

Nígbà tí oòrùn mú dáadáa, Ìyá Oníbọ́tìnnì sọdá ọ̀nà wá. Òun ni aládùúgbò tó ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìbù ní òdì kejì ọ̀nà. Òun náà ló mú Amọ̀nà wọ àdúgbò wọn, torí Amọ̀nà ló mú ọmọ tirẹ̀ náà lọ. Ó gbé búrẹ́dì gbígbẹ àti ṣúgà kúbù wá fún èrò ọ̀nà. Ó bá ìyá níbi tó ti ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ó fi àga kékeré kan jókòó, ó yọ fóònù rẹ̀ nínú àyà.

"Wò ó, Ìyá Abẹ́rẹ́. Wo bí ara ọmọ mi ṣe ń dán."

Ìyá fi apá nu ojú, ó wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró ti mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni. Fọ́tò yìí ló fi hàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà ló fi hàn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ìyá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó sanra."

"Ó sanra kẹ̀. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀ ni. Ọmọ tìẹ náà á pè, fọkàn balẹ̀. Omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Tí Abẹ́rẹ́ bá débẹ̀, á rí i, á ní kó gba fóònù kó bá màámi sọ̀rọ̀, inú á dùn." Ó gé búrẹ́dì tó gbé wá fún ọmọ ọlọ́mọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. "Ìṣòro tèmi ni pé kéèyàn má mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìyẹn ló ń pa ènìyàn. Wọ́n kúkú ní ọmọ ẹni kú…"

Ó gbé gbólóhùn náà mì pẹ̀lú búrẹ́dì. Ìyá ń fọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, kọ́là náà ti mọ́, kò dẹ́kun. Omi ẹ̀rọ ń kán sínú báàfù.

"Bàbá wọn ńkọ́?" ni Ìyá Oníbọ́tìnnì yára béèrè.

"Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn ò ní yọ àwòrán fún mi."

"Ọkùnrin ni. Tí nǹkan bá ti dùn wọ́n, igi ni wọ́n máa ń bá jà." Ó gbọn ẹ̀ẹ́rún búrẹ́dì kúrò lára. "Àgbà tó dákẹ́ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, èmi ò mọ irú àgbà tíyẹn ń jẹ́."

Ẹ̀wà ni ìyá sè lọ́sàn-án. Ó bù ú sí abọ́ mẹ́rin. Ó fi ọmọrí dé abọ́ kan, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ àwòrán, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe lójoojúmọ́ ayé. Bílẹ̀ bá mọ́, á bù ú fún àwọn ọmọ àdúgbò, tó bá sì tún di ọ̀sán, á bu òmíràn. Ó ní ẹni tó wà lọ́nà kì í wọlé bá ìkòkò òfìfo.

Bàbá wọlé wá jẹun. Ó fi ṣíbí ro ẹ̀wà náà, kò gbé e dé ẹnu.

"Ṣé ẹ̀wà mi ò dùn?" ni ìyá bi í.

"Ó dùn."

"Ẹ ò tíì fi kan ẹnu."

"Ìyá àwọn ọmọ, fi mí sílẹ̀ lónìí."

"Ọjọ́ wo ni mi ò fi yín sílẹ̀?" Ohùn ìyá ò lọ sókè, ó lọ sílẹ̀ ni, èyí sì burú jù. "Láti ìgbà tọ́mọ yìí ti lọ, ta ni mo rí bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí? Mo bá yín sọ̀rọ̀, ìfági ló ń dá mi lóhùn. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ béèrè lọ́wọ́ Amọ̀nà, ẹ ní ká ní sùúrù. Mo ní ẹ jẹ́ ká jọ gbàdúrà, ẹ ní ó rẹ̀ yín. Ẹ tiẹ̀ lè wo àwòrán yìí? Kò sígbà tẹ́ ẹ máa jókòó, ẹ̀yìn lẹ máa kọ sí i. Àbí mi ò ríran ni? Kí lọmọ yìí ṣe fún yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan fún mi."

"Ẹ ò ṣe fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ lọ wá a?"

Bàbá ti àwo síwájú. "Ta ló gbé àwòrán yẹn kọ́?" ló wí. "Èmi ni. Kó o tó bi mí ní ìbéèrè kankan, rántí pé èmi ni mo gbé e kọ́." Ó sì tún jáde.

Abẹ́rẹ́ jẹ ẹ̀wà tirẹ̀ tán. Ó wo abọ́ tí wọ́n dé lọ́mọrí, ó wo báàgì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó kó àwo lọ fọ̀.

Oòrùn ti ń rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìyá gun àga lẹ́ẹ̀kejì. Kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé àwòrán náà kúrò lára ìṣó, òun àti férémù aláwọ̀ wúrà rẹ̀ tó wúwo bí ilẹ̀kùn, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, ó mú ọ̀bẹ ìdáná. Ó ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ ìṣó àkọ́kọ́, ó ń fi agbára yí i. Igi náà ké. Láti ṣọ́ọ̀bù, oníférémù gbọ́ ohùn igi tí wọ́n ń ṣe níṣekúṣe, kò mọ ìgbà tó sáré wọlé.

"Fi sílẹ̀. Wàá ya á."

"Kó ya."

"Mo ní kó o fi sílẹ̀." Ẹ̀mú ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ò tíì lè mú un ṣe é láti àárọ̀, ó wá jẹ́ pé àánú aṣọ àwòrán ló mú un ṣe é. Bẹ́ẹ̀ la rí, àwa ọmọ ènìyàn. Ó tẹ̀ba, ó ń fa ìṣó yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Nígbà tí férémù bọ́, àwòrán náà ṣẹ́kù lórí igi pẹlẹbẹ tí wọ́n nà án mọ́. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀.

"Kó o tó gbà á lọ́wọ́ mi," ló wí, "jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Ìyá dúró. Abẹ́rẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi.

"Oníbàárà tó gbé àwòrán yìí wá, tí kò padà wá gbé e, òun ló gbé férémù yìí náà wá. Ó ní òun fẹ́ràn férémù yẹn, kí n rí i pé àwòrán wọ inú ẹ̀. Àwòrán sì fẹ̀ ju férémù lọ. Èmi kì í gé àwòrán. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò gé e rí. Tó bá ti fẹ̀ jù, a máa ń ká a sẹ́yìn ni, a ó kàn án mọ́ ẹ̀yìn igi. Mo wá wò ó, pé apá wo ni kí n ká? Apá ọ̀tún, ilé funfun ló wà níbẹ̀. Apá òsì…"

Kò parí rẹ̀. Ó yọ ìṣó wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn igi, ó fi èékánná wa aṣọ tó ti lẹ̀, ó ká a síta díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tó wà níbi ìṣẹ́po bó, ó já sórí tábìlì. Ó yí àwòrán náà, ó gbé e dúró ti ògiri.

Ara ògiri ni apá ìyókù wà tí èéfín àti eruku ti fi bà á jẹ́ láìka àkísà ìyá sí. Apá tí wọ́n ká yìí, kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án. Oòrùn ibẹ̀ mọ́ ju tibi yòókù lọ. Nínú oòrùn yẹn, àwọn obìnrin jókòó sórí iyanrìn, wọ́n wọ dúdú, gbogbo wọn kọjú sí omi. Ọ̀kan fi ọwọ́ méjèèjì lérí. Ọkọ̀ kan dojú dé lẹ́bàá wọn. Lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ọkùnrin méjì ń gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ ìgbòkun bò, aṣọ náà ò sì gùn tó, ẹsẹ̀ yọ síta, ẹsẹ̀ ọ̀dọ́. Onífìlà pupa tó na ọwọ́ sókè láti ọjọ́ yìí wá, àwọn obìnrin náà ló ń pè. Kò kí ẹnikẹ́ni rí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìyá sún mọ́ ọn. Ó na ìka tí ọṣẹ ti jẹ, ó fẹ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn, ó fà á padà.

"Ẹ mọ̀," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Nígbà tọ́mọ yìí máa ń jókòó síbí, tó ń sọ pé, 'Màámi, ibi tí oòrùn ti ń ràn báyìí, ìyà ò lè jẹ èèyàn níbẹ̀,' ẹ wà níjókòó."

"Mo wà níjókòó."

"Ẹ sì mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí wà lẹ́yìn níbẹ̀."

"Ẹni tó ń ra àwòrán kì í ra ẹkún," ni bàbá wí. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀mú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe ká wọn. Mi ò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó wà lẹ́nu mi, mo ní tí mo bá sọ ọ́, á dà bíi pé mo ń ṣépè fọ́mọ mi. Nígbà tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́, mo ní tí mo bá sọ ọ́ báyìí, ìwọ lá pa. Lójoojúmọ́ lò ń nu ojú ẹ. Mò ń gbọ́ ẹ. Ìyá àwọn ọmọ, mò ń gbọ́ ẹ."

Fèrè mọ́tò dún níta. Ó tún dún.

Abẹ́rẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó lọ síbi báàgì, ó tẹ̀ba, ó di ọwọ́ báàgì mú, ó wo ìyá rẹ̀. "Màámi, ọkọ̀ ti dé," ló wí.

Ìyá ò yíjú kúrò lára àwọn obìnrin yẹn. Kí fèrè náà tó tún dún, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá, ó jáde pẹ̀lú ìró aṣọ tí omi ìfọṣọ ṣì rin, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú.

Amọ̀nà yọ orí lójú fèrèsé mọ́tò. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti kún ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gbé báàgì lé itan. "Ìyá, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Ọ̀nà jìn."

"Kò lọ mọ́."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í dá nǹkan padà? Ẹ̀rọ yẹn ti lọ."

"Kó máa lọ."

"Ẹ rò ó dáadáa o. Mi ò ní padà wá."

"Ọmọ ẹnì kan nìwọ náà," ni ìyá wí fún un, ohùn rẹ̀ tutù. "Máa lọ." Ó wá wo àwọn ọmọ inú mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ sọ nǹkan kan fún wọn, ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Mọ́tò ṣí. Títí dòní, èyí ló máa ń dùn ún jù, pé òun ò sọ ọ́.

Àwọn aládùúgbò ti jáde síta. Ìyá Oníbọ́tìnnì sọdá ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá itan.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, kí lo ṣe yìí? O ò wá ní jẹ́ kó lọ wá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mọ́?"

"Òwe kan lo bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, tó ò parí ẹ̀," ni ìyá wí.

"Òwe wo?"

"Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti bá ọ parí ẹ̀."

Ìyá Oníbọ́tìnnì sún sẹ́yìn. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ fìrí, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti dúró ti mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni. Ó tì í bọ àyà, ó padà sí òdì kejì ọ̀nà láìdágbére, ó sì palẹ̀ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́ bí ilẹ̀ ò tiẹ̀ tíì ṣú.

Nínú ilé, bàbá ti dìde. Ó ti kó ìṣó wẹ́wẹ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ṣé kí n tún wọn ká?" ló béèrè.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nínú òkùnkùn."

Ìyá lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé abọ́ tó dé lọ́mọrí, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ṣíbí sí i, ó sì gbé e síwájú Abẹ́rẹ́ lórí tábìlì, láàárín ìṣó àti ẹ̀ẹ́rún ọ̀dà. Ọmọ náà wo abọ́, ó wo ìyá rẹ̀. Ó mọ abọ́ ta ni.

"Jẹ ẹ́," ni ìyá wí. "Kó má bàa kan."

Abẹ́rẹ́ mú ṣíbí. Ìgbà tó gbé e dé ẹnu ni ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, ó kọjú sí ibi táwọn obìnrin yẹn kọjú sí, ó kó ọwọ́ méjèèjì lérí, ó pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún rẹ̀.